Iná ọkọ̀ Lenin kú, eérú rẹ̀ kò tutù

Àwọn àgbà Yorùbá bọ̀, wọ́n ní iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọkọ̀ òkun kan wà ní ìhà àríwá ayé tí ìtàn rẹ̀ gba apá méjèèjì òwe yìí pọ̀. Lenin ni orúkọ ọkọ̀ náà, òun sì ni ọkọ̀ afọ́yìnyín àkọ́kọ́ ní gbogbo àgbáyé tí agbára átọ́mù ń gbé rìn. Iná inú rẹ̀ ti kú láti ọdún 1989. Ó ti fi ọmọ rọ́pò, nítorí pé àwọn ọkọ̀ tí wọ́n kàn tẹ̀ lé e ṣì ń fọ́ yìnyín lójú òkun títí di òní olónìí. Eérú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wá kù sí, nítorí pé eérú iná átọ́mù kì í ṣe irú èyí tí ìyàwó ilé ń gbá dà sí ẹ̀yìnkùlé kí ó tó di ọ̀sán.

Ẹni tí ó bá dé ìlú Murmansk ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà lónìí yóò bá Lenin ní èbúté, níbi tí wọ́n so ó mọ́ ní oṣù Èbìbí ọdún 2009 tí wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Oríkì tí wọ́n ń kì í dùn-ún gbọ́: ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ìrìn tí ó lé ní 650,000 máìlì òkun, tí èyí tí ó lé ní 560,000 nínú rẹ̀ sì jẹ́ láàárín yìnyín, ọkọ̀ ẹrù tí ó lé ní 3,700 tí ó ṣíwájú wọn la òkun dídì kọjá. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà tí ó ka èrè rẹ̀ tí kò ka gbèsè rẹ̀ kò tíì ṣe ìṣirò. Ìtàn Lenin kò pé bí kò bá dé ìsàlẹ̀ omi níbi tí apá kan ara rẹ̀ wà, àti bí kò bá dé inú ọkọ̀ àtijọ́ kan tí ó gbé ẹrù rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àsìkò tí ó yẹ kí a pa ìtàn náà pé ni àsìkò yìí, tí wọ́n ń kan ọkọ̀ irú rẹ̀ mìíràn lọ́tun-lọ́tun.

Kí ẹnikẹ́ni tó dá ọkọ̀ náà lẹ́jọ́, ó tọ́ kí ó mọ iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ kàn án. Òkun kan wà ní àríwá ilẹ̀ Siberia tí ojú rẹ̀ máa ń dì gbagidi fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Ọ̀nà tí ó gba ibẹ̀ kọjá, láti ẹ̀bá erékùṣù Novaya Zemlya títí dé ọrùn òkun tí ó ya Éṣíà kúrò lára Amẹ́ríkà, gùn tó nǹkan bí kìlómítà 5,600. Àwọn odò ńláńlá bí Ob, Yenisei àti Lena ń ṣàn wọ inú òkun náà, àwọn ìlú àti ibi ìwakùsà tí ó wà létí wọn sì ń retí oúnjẹ, epo àti irinṣẹ́ láti ọwọ́ ọkọ̀ òkun. Bí yìnyín bá tètè dé, ọkọ̀ há, ìlú sì ń retí títí di ọdún mìíràn.

Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ará Rọ́ṣíà ti ń wá ọgbọ́n sí i. Ọ̀gágun ojú omi Stepan Makarov ni ó mú kí wọ́n kan ọkọ̀ Yermak ní Newcastle, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì sọ ọ́ sómi ní ọdún 1898. Ọkọ̀ afọ́yìnyín kì í fi imú gún yìnyín bí ẹni tí ń fi àáké la igi. Abẹ́ iwájú rẹ̀ dagun, ó máa ń gun orí yìnyín lọ, ìwúwo ara rẹ̀ ni ó sì fi ń tẹ̀ ẹ́ fọ́. Yermak ṣe iṣẹ́ ribiribi, ṣùgbọ́n èédú ni ó ń jẹ, èédú náà kì í sì í pẹ́ tán. Àwọn tí wọ́n ń jẹ epo lẹ́yìn rẹ̀ náà ní ìṣòro kan náà. Ọkọ̀ tí ó ń ru oúnjẹ ara rẹ̀ kò lè jìnnà sí ibi tí oúnjẹ wà, yìnyín kò sì ń dúró de ẹni tí ó padà lọ mú epo.

Ibí yìí ni átọ́mù ti wọlé. Ní ọdún 1953 ni ìjọba URSS pinnu láti kan ọkọ̀ afọ́yìnyín tí kò ní máa sáré padà sí èbúté nítorí ohun ìdáná. Vasily Neganov ni ó ṣáájú àwọn tí ó ya àwòrán ọkọ̀ náà. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Anatoly Aleksandrov sì ni ó darí iṣẹ́ ìmọ̀ lórí agbára inú rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án ní Leningrad, ìlú tí ó ti padà sí orúkọ rẹ̀ àtijọ́, Saint-Pétersbourg, ní ọdún 1956. Ní ọjọ́ 5, oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1957, wọ́n sọ ọ́ sómi. Oṣù méjì péré ṣáájú rẹ̀ ni Sputnik ti gòkè re ojú ọ̀run. Ní ọjọ́ 3, oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1959 ni ó wọ iṣẹ́. Ó gùn tó mítà 134, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 16,000, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 44,000.

Ààrò átọ́mù mẹ́ta ni wọ́n fi sí inú rẹ̀. Yùréníọ̀mù ni igi ìdáná ààrò wọ̀nyí. Bí átọ́mù yùréníọ̀mù ti ń pín sí méjì ni ooru ń jáde; omi tí wọ́n tẹ̀ mọ́ inú páìpù ń gbé ooru náà lọ láti sọ omi mìíràn di oru; oru ń yí tọ́báìnì, tọ́báìnì ń pèsè iná mànàmáná, iná mànàmáná sì ń yí abẹ̀bẹ̀ irin mẹ́ta tí ó wà ní ìdí ọkọ̀. Níbi tí ọkọ̀ elépo ti ń jẹ ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù epo lójúmọ́, yùréníọ̀mù tí Lenin ń lò ní ọjọ́ kan kò kún àtẹ́lẹwọ́. Ó lè wà lójú yìnyín fún ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹ́ pé ó wá epo wálé. Ìyàlẹ́nu ni èyí jẹ́ fún ayé ìgbà náà. Kódà Richard Nixon, tí ó jẹ́ igbákejì Ààrẹ Amẹ́ríkà, lọ wò ó ní Leningrad ní ọdún 1959, kí wọ́n tó kàn án parí.

Ọkọ̀ náà kò sì já àwọn tí wọ́n kàn án kulẹ̀. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1961, ó gbé àwọn onímọ̀ àti ẹrù wọn lọ sí orí yìnyín tí ń fò léfòó, ó sì dá ibùdó ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní North Pole-10 sílẹ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ tí ọkọ̀ òfuurufú ni ó sábà máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1971, òun àti ọkọ̀ Vladivostok gba ìhà àríwá erékùṣù Severnaya Zemlya kọjá, níbi tí ọkọ̀ ojú omi kan kò gbà rí. Ọ̀gákọ̀ Boris Sokolov ni ó darí rẹ̀ fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún wọ̀nyẹn. Kò sí òǹkọ̀tàn olóòótọ́ tí yóò fojú kéré ìfaradà àwọn atukọ̀ tí wọ́n lo oṣù lé oṣù nínú òkùnkùn òtútù kí ẹlòmíràn lè rí oúnjẹ jẹ.

Apá kejì ìtàn nìyí. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1965, àsìkò tó láti pààrọ̀ ohun ìdáná inú ààrò. Wọ́n fa omi tí ń tu ààrò kejì lára kúrò kí wọ́n tó kó ohun ìdáná tí ó ti lò tán jáde. Ààrò átọ́mù kò sì dàbí ààrò igi. Bí wọ́n tilẹ̀ pa á, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ṣì ń mú ooru wá fúnra rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, omi nìkan ni ó sì lè gbé ooru náà lọ. Nígbà tí omi kò sí mọ́, apá kan nínú àwọn ọ̀pá ìdáná náà yọ́, òmíràn sì wọ́. Wọn kò ṣeé fà jáde bí ó ti yẹ mọ́.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, èkejì dé. Ní ọdún 1967 ni àwọn òṣìṣẹ́ ṣàkíyèsí pé páìpù omi ìtura ń jò. Ẹ̀yìn ògiri kọnkéré àti irin, tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ìtànṣán olóró, ni ibi tí ó ti ń jò wà. Láti lè rí i, wọ́n fi òòlù fọ́ ògiri náà. Nígbà tí wọ́n fọ́ ọ tán, ó hàn gbangba pé kò ṣeé tún mọ padà sí bí ó ti wà. Ohun tí ó kù láti ṣe ni kí wọ́n gé gbogbo iyàrá tí ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà kúrò lára ọkọ̀. Ní Severodvinsk ni wọ́n ti fi ààrò tuntun méjì rọ́pò mẹ́ta àkọ́kọ́, ọkọ̀ náà sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 1970.

Bí ìtàn náà bá dúró níhìn-ín, ó lè jẹ́ ìtàn ìgboyà: ọmọ ènìyàn ṣubú, ó dìde, ó tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe. Òtítọ́ ni pé àwọn ààrò tuntun náà dára ju ti ìṣáájú lọ, irú wọn tí wọ́n tún ṣe dáradára sí i ni wọ́n sì fi sí inú àwọn ọkọ̀ tí ó tẹ̀ lé Lenin. Ìbéèrè tí ó kù ni ibi tí èyí tí wọ́n gé kúrò lọ. Wọ́n wọ́ ọ lọ sí ìyawọlẹ̀ omi Tsivolki, ní ìlà-oòrùn Novaya Zemlya, wọ́n sì rì í sínú òkun Kara ní ọdún 1967 kan náà. Apá kan nínú ohun ìdáná tí ó bàjẹ́ bá a lọ, nínú àpótí tí wọ́n fi àpòpọ̀ kan dí. Kò sí ará erékùṣù náà tí ó lè bi wọ́n léèrè, nítorí pé ìjọba ti kó àwọn ẹ̀yà Nenets kúrò níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú, nígbà tí wọ́n sọ ibẹ̀ di pápá ìdánwò bọ́ǹbù átọ́mù. Ilé tí wọ́n ti lé onílé jáde ni wọ́n lọ ju ẹrù olóró sí.

Àwọn ará ìlú yòókù pàápàá kò gbọ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọjá kí ìwé ìjọba kan tó sọ ọ́ ní gbangba. Ní ọdún 1993, lẹ́yìn tí URSS ti túká, ìgbìmọ̀ tí onímọ̀ Aleksey Yablokov darí gbé ìwé kan jáde tí ó to ohun tí wọ́n ti jù sínú òkun lẹ́sẹẹsẹ. Ìwé náà fi hàn pé ààrò átọ́mù mẹ́rìndínlógún ni ó wà nísàlẹ̀ òkun Kara, láti inú àwọn ọkọ̀ ogun abẹ́ omi àti láti inú Lenin, tí ohun ìdáná sì ṣì wà nínú díẹ̀ lára wọn. Títí di ọdún náà, oríkì Lenin ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọ́. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn ní orúkọ Tsivolki.

Ẹrù ọkọ̀ Lepse ní tirẹ̀ kò sí lábẹ́ omi. Ojú gbogbo ènìyàn ni ó wà. Ọkọ̀ ẹrù lásán ni wọ́n kọ́kọ́ kan Lepse fún. Ní ọdún 1961 ni wọ́n yí i padà sí ọkọ̀ tí yóò máa bá àwọn ọkọ̀ afọ́yìnyín pààrọ̀ ohun ìdáná. Inú rẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀pá ìdáná tí ó ti lò tán sí, títí kan èyí tí ó ti bàjẹ́ láti inú Lenin, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 639. Lẹ́yìn tí ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 1988, ó dúró sójú omi lẹ́bàá Murmansk, ìlú tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ènìyàn ń gbé. Ọdún 2012 ni wọ́n tó wọ́ ọ kúrò lọ sí ibi ìtúkọ̀; ọdún 2019 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn ọ̀pá náà jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó tí wọ́n fi ṣe é kò ti àpò àwọn tí ó dáná náà nìkan wá. Àpò owó tí BERD ń bójú tó, tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá sí, ni ó gbé apá ńlá nínú rẹ̀. Nígbà náà, ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn tí wọ́n ṣe àṣìṣe ọdún 1965 ti kúrò nídìí ààrò náà. Báyìí ni ó ṣe hàn pé ẹni tí ó yá iná kì í ṣe ẹni tí ó gbá eérú.

Àwọn tí ó ń gbèjà ọkọ̀ náà ní ohun méjì sọ, ó sì yẹ kí a gbọ́ wọn. Èkíní ni pé ìgbà yàtọ̀ sí ìgbà. Ní ọdún 1967, kò tíì sí àdéhùn àgbáyé kan tí ó de ọwọ́ ẹni tí ń da nǹkan sínú òkun. Ọdún 1972 ni wọ́n tó kọ èyí tí wọ́n ń pè ní Àdéhùn Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1993 ni wọ́n sì tó fẹnu kò láti fòfin de gbogbo ẹ̀gbin átọ́mù pátápátá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Fáransé àti Bẹ́ljíọ̀mù náà ti da ágbá ẹ̀gbin átọ́mù sínú òkun Àtìláńtíìkì ní ìgbà tiwọn, Amẹ́ríkà náà kò sì gbẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n pé ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ jẹ gbèsè kò sọ gbèsè di ẹ̀bùn. Ohun tí ó ń fi hàn ni pé kì í ṣe ìwà orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yìí. Ìwà ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ohun tí ojú kò bá rí ti tán ni.

Èkejì ni pé òkun náà kò bàjẹ́. Àwọn onímọ̀ tí AIEA kó jọ láàárín ọdún 1993 sí 1996 yẹ ibẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé àyíká ibi tí wọ́n ri nǹkan sí nìkan ni ìtànṣán náà wà, àti pé ewu rẹ̀ fún àwọn ènìyàn tí ń gbé etí òkun náà kéré. Ìròyìn ayọ̀ ni, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ń sọ pé gbogbo ẹja àríwá ti di májèlé ń parọ́. Síbẹ̀, irin ń dípẹtà lábẹ́ omi iyọ̀, ohun tí ó sì wà nínú irin náà yóò pẹ́ láyé ju irin lọ. Ìdáhùn àwọn onímọ̀ jẹ́ ti ọdún tí wọ́n wò ó. Ẹni tí ó bá gbà á gbọ́ gbọ́dọ̀ gbà pẹ̀lú pé ẹnìkan ní láti máa padà lọ wò ó, ní ọdún mẹ́wàá sí mẹ́wàá, títí àwọn ọmọ ọmọ yóò fi dàgbà. Iṣẹ́ ìṣọ́ yìí náà jẹ́ ara iṣẹ́ Lenin, bí kò tilẹ̀ sí nínú iye máìlì tí wọ́n ń kà.

Àwọn ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Wọ́n pọ̀, wọ́n sì lágbára ju ìyá wọn lọ. Arktika wọ iṣẹ́ ní ọdún 1975 pẹ̀lú agbára ẹṣin 75,000. Ní ọjọ́ 17, oṣù Ògún, ọdún 1977, lábẹ́ ọ̀gákọ̀ Yuri Kuchiev, ó dé góńgó àríwá ayé, ọkọ̀ ojú omi àkọ́kọ́ tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Sibir, Rossiya, Yamal àti àwọn mìíràn dé. Ọpẹ́lọpẹ́ wọn ni ọkọ̀ ẹrù fi ń dé Dudinka, èbúté ìwakùsà Norilsk, ní òtútù àti ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ọdún 1983, nígbà tí yìnyín ká ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ mọ́ òkun Chukchi, tí ó sì tẹ ọkọ̀ Nina Sagaidak pa, Arktika wà lára àwọn tí ó lọ yọ àwọn tí ó kù. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ó fi ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí wọ́n má ṣe kàn wọ́n rárá gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ì bá yọ àwọn atukọ̀ ọdún 1983.

Lónìí, ilẹ̀ Rọ́ṣíà nìkan ni ó ní ọkọ̀ afọ́yìnyín alátọ́mù. Arktika tuntun wọ iṣẹ́ ní ọdún 2020. Sibir tuntun àti Ural tẹ̀ lé e. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn ju mítà 170 lọ, wọ́n sì retí kí ó ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ogójì ọdún. Yìnyín òkun náà ń tín-ínrín bí ayé ti ń gbóná, ọkọ̀ tí ń kó gáàsì láti Yamal sì ń pọ̀ sí i lójú ọ̀nà yìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí Arktika tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yóò ti di ẹni ogójì ọdún kí wọ́n tó pa iná rẹ̀, àwọn ọmọ tirẹ̀ ni yóò sì bá eérú pàdé.

Ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn ẹlòmíràn gbà. Ní ọdún 1974, ọkọ̀ alátọ́mù ilẹ̀ Japan, Mutsu, lọ dán ààrò rẹ̀ wò lójú òkun, ìtànṣán sì jò jáde. Àwọn apẹja ìlú tí ó ti gbéra kọ̀ jálẹ̀ pé kò gbọdọ̀ padà wọ èbúté wọn, ọkọ̀ náà sì wà lójú agbami fún ohun tí ó lé ní oṣù kan. Àwọn kan fi àwọn apẹja náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn kò mọ ìwé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jò kò pọ̀ tó ti Lenin rárá, gbogbo ayé sì gbọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ kan náà; ti Lenin pọ̀, ó sì gba ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ohun tí ó ya ìtàn méjèèjì sọ́tọ̀ kì í ṣe ọgbọ́n ẹ̀rọ. Ní ibì kan, apẹja lè sọ pé rárá. Ní ibi kejì, wọ́n ti kó apẹja kúrò nílé.

Ohun tí ó yẹ kí ilẹ̀ Rọ́ṣíà àti ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kan irú ọkọ̀ yìí lọ́jọ́ iwájú ṣe kò le. Àkọ́kọ́, kí wọ́n ya owó àti ibi ìpamọ́ eérú sọ́tọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá sọ ọkọ̀ sómi, kì í ṣe ní ọjọ́ tí iná bá kú. Èkejì, bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí àwọn tí ń gbé etí omi gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀kẹta, kí ìwé tí ó ka máìlì àti ọkọ̀ tí wọ́n gbà là jẹ́ ìwé kan náà tí ó ka ọ̀pá ìdáná tí wọ́n yọ, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, àti ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Orílẹ̀-èdè tí ó lè gbé ọkọ̀ dé góńgó ayé kò lè sọ pé ìwé kíkọ wúwo jù fún òun.

Òǹkàwé tí ó jìnnà sí yìnyín lè béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn án. Òkun kò mọ ààlà, ẹrù tí kò sì rí olówó máa ń wá ilẹ̀ ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀. Ìmọ̀ yìí ni ó mú kí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kọ àdéhùn Bamako ní ọdún 1991, tí wọ́n fi fòfin de kíkó ẹ̀gbin olóró wọ ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n sì dárúkọ ti átọ́mù sínú rẹ̀ ní pàtó. Ìbéèrè tí wọ́n bi nígbà náà ni ìbéèrè tí Lenin ń bi ayé láti èbúté Murmansk: ta ni yóò gbá eérú?

Irin ara Lenin ti tín-ínrín nítorí pé yìnyín fi ọgbọ̀n ọdún gé e jẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá a dúró ní ọdún 1989. Ó sinmi, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ó ṣiṣẹ́. Kí àwọn ọmọ máa gun orí rẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ kan ìtọ́kọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́ orúkọ Neganov àti Sokolov. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ tí ó mú wọn lọ tún tẹ́ àwòrán ilẹ̀ fún wọn, kí ó sì fi ìka tọ́ka sí Tsivolki. Ọmọ tí ó bá mọ ibi méjèèjì ni ó mọ ọkọ̀ náà.